Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni ẹ ṣe ń di ìlérí Ọlọ́run mú nígbà tí nǹkan bá le koko?

Ìyá Fẹ́yìí
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láì dá sí i, ṣùgbọ́n lónìí ọ̀rọ̀ ti kún inú mi. Ọjà Ọba níbí l'Óṣogbo ni mo ti ń ta èlùbọ́ àti gàrí. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ mi lọ́dún tó kọjá. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Ọ̀rọ̀ ti ń já gaara lẹ́nu rẹ̀ báyìí, ọpẹ́ ni, àmọ́ iṣẹ́ káfíńtà tó ń ṣe ti dúró. Owó ọjà mi ti wọnú ìtọ́jú, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ sì wà nílẹ̀.

Kì í ṣe owó ni mo wá tọrọ o. Nígbà ìsìn àìsùn tí a fi wọ ọdún tuntun, wọ́n sọ tẹ́lẹ̀ pé ọdún yìí ni ọdún ìmúpadàbọ̀sípò ilé wa. Mo ṣe àmín tó dún. Mo kọ Jeremáyà 29:11 sára páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọdún ti ń lọ sópin, orí àga kan náà ni ọkọ mi ṣì wà. Bí mo bá sunkún, wọ́n á ní ìgbàgbọ́ mi kéré. Arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa tiẹ̀ sọ ọ́ sí mi lójú pé ẹkún mi ló ń dá iṣẹ́ ìyanu náà dúró. Bàbá Fẹ́yìí fúnra wọn ti ń sọ pé àwọn ò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́, pé ẹni tó gba Ọlọ́run gbọ́ kì í tún máa gbé oògùn mì. Ìyá wọn, Alhaja, ń gbààwẹ̀ ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ nítorí ọmọ wọn, àwọn kan ní ìjọ wa sì ní kí n má jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà nínú ilé mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti la irú rẹ̀ kọjá, kí ni ẹ dì mú? Báwo ni ẹ ṣe ń rí oorun sùn?

Nọ́ọ̀sì Òru
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Fẹ́yìí. Kí àwọn tó mọ Bíbélì tó dé, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti oògùn, torí kò ṣeé fi di ọ̀la. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára olórí ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀, ẹni tó bá sì ti ní in rí, ewu wà pé kí òmíràn tún kọlù ú. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń rò pé ara òun ti dá. Bí oògùn náà bá ń da ara wọn láàmú, dókítà ló máa pààrọ̀ rẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n jù ú sí kọ̀rọ̀.

Ti físíò, ìyẹn ìdárayá tí wọ́n fi ń tọ́jú apá àti ẹsẹ̀, ńkọ́? Bí owó ọkọ̀ kò bá jẹ́ kí ẹ máa lọ déédéé, ẹ ní kí ẹni tó ń ṣe é fún wọn kọ́ yín ní èyí tí ẹ lè máa ṣe nílé. Ẹ ká táwẹ́lì, ẹ fi sí ọwọ́ ọ̀tún náà, kí wọ́n fún un, kí wọ́n sì tú u sílẹ̀. Lójoojúmọ́ ni o. Ara máa ń tún nǹkan kọ́ díẹ̀díẹ̀, kódà lẹ́yìn oṣù púpọ̀.

Ajíhìnrere Olùṣọ́
Mo kí yín nínú Olúwa. N kò bá nọ́ọ̀sì jà o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ẹnu wa. Òwe 18:21 ní ikú àti ìyè ń bẹ ní ipá ahọ́n. Bí arábìnrin bá ń wí lójoojúmọ́ pé ọkọ òun kò lè rìn, kí ni yóò bá pàdé? Ẹ nu ojú yín nù. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ nìkan ni kó máa jáde lẹ́nu yín. Ábúráhámù kò ṣiyèméjì.

Ṣadé Aláró
Bọ̀dá Ajíhìnrere, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ábúráhámù tí ẹ ń wí yìí náà, ẹ lọ ka Jẹ́nẹ́sísì 17. Nígbà tí Ọlọ́run tún ìlérí ọmọ sọ fún un lẹ́ni ọdún 99, ṣe ló dojúbolẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń bi ara rẹ̀ pé ṣé ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún tún lè bímọ. Ẹni ọdún 75 ni nígbà tó jáde kúrò ní Háránì, ẹni ọdún 86 nígbà tí Hágárì bí Íṣímáẹ́lì, ó sì pé 100 kí wọ́n tó bí Ísáákì. Láàárín àwọn ọdún yẹn, ó ti sọ pé àbúrò òun ni ìyàwó rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Síbẹ̀ Róòmù 4 ní kò ṣiyèméjì! Bí Ọlọ́run ṣe ń ṣírò ìgbàgbọ́ kò jọ bí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa ṣe ń ṣírò rẹ̀. (Ẹ má bínú, ẹgbẹ́ tèmi ni mò ń bá wí.)

Ti ẹkún wá ni mo fẹ́ sọ gan-an. Jésù mọ̀ pé òun máa jí Lásárù dìde. Ó ti sọ ọ́ fún Màtá lójú ọ̀nà. Nígbà tó rí Màríà àti àwọn tó ń sunkún, òun náà sunkún, lẹ́yìn náà ló pe òkú jáde. Ẹkún wo ló dá iṣẹ́ ìyanu dúró níbẹ̀? Hánnà tó ń wá ọmọ sunkún títí àlùfáà Élì fi pè é ní ọ̀mùtí. Sáàmù 13 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ìwọ ó ti gbàgbé mi pẹ́ tó, Olúwa?" Sáàmù 88 tiẹ̀ wà tí kò ní ìyìn kankan ní ìparí, inú òkùnkùn ló parí sí, síbẹ̀ wọ́n fi í sínú ìwé orin tẹ́ḿpìlì. Ẹni tó ń sunkún sí Ọlọ́run létí ṣì ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù àwọn tó ti dákẹ́ ló máa ń bà mí.

Nígbà tí oyún ń bọ́ lára mi léraléra, n kò lè ka orí Bíbélì kan tán. Ọ̀rọ̀ bàbá ọmọ tó ní wárápá yẹn nìkan ni mo máa ń wí bí mo ṣe ń ti aṣọ bọ inú aró: "Olúwa, mo gbàgbọ́; ran àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́." Jésù kò lé bàbá náà padà.

Ajíhìnrere Olùṣọ́
Ti Lásárù yẹn, mo gbà. Ti ahọ́n, n kò yí ohùn padà.

Kọ́lá Sábó
Mo ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yìí. Ó kàn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Bàbá Tíṣà Fẹ̀yìntì
Ẹ kú ìnira, Ìyá Fẹ́yìí. Ẹ jẹ́ ká lọ sídìí ẹsẹ̀ tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn. Ìtùnú wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi pín ìlérí fún yín lálẹ́ ọjọ́ àìsùn.

Lẹ́tà ni Jeremáyà 29. Jerúsálẹ́mù ni wòlíì náà wà, ó kọ ọ́ sí àwọn tí Nebukadinésárì ti kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì. Kí ẹ tó kà á, ẹ kọ́kọ́ ka orí 28. Wòlíì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Hananáyà. Inú ilé Olúwa ló dìde sí, níwájú àwọn àlùfáà àti gbogbo èèyàn, ó ní láàárín ọdún méjì péré, gbogbo ohun èlò tẹ́ḿpìlì àti gbogbo ẹni tí wọ́n kó lọ yóò padà wálé. Àsọtẹ́lẹ̀ tó dùn létí! Ká ní lóde òní ni, a ó ti fi ṣe àkọlé ọdún, a ó ti tẹ̀ ẹ́ sára kàlẹ́ńdà. Jeremáyà fúnra rẹ̀ ṣe àmín sí i, ó wà ní ẹsẹ̀ 6, torí ta ni kò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n Olúwa kò rán Hananáyà. Ọdún yẹn kò parí tó fi kú.

Orí tó tẹ̀ lé e ni lẹ́tà wà. Àádọ́rin ọdún ni lẹ́tà sọ, kì í ṣe méjì. Ẹsẹ̀ 10 nìyẹn, òun ló ṣáájú èyí tó wà lára ògiri yín gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ òun sára ògiri. Àgbàlagbà tó bá gbọ́ lẹ́tà yẹn ní Bábílónì mọ̀ pé òun kò ní fojú kan ilé mọ́. Etí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run sọ ọ́ sí pé "èmi mọ èrò tí mo rò sí yín, àní èrò àlàáfíà, kì í sì í ṣe fún ibi."

Kí ni wọ́n wá ní kí wọ́n máa ṣe títí di ìgbà náà? Ẹ kọ́ ilé, kí ẹ gbé inú rẹ̀. Ẹ gbin ọgbà, kí ẹ jẹ èso rẹ̀. Ẹ gbé ìyàwó, ẹ bímọ, ẹ gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú tí mo jẹ́ kí wọ́n kó yín lọ. Ẹni tó gba Hananáyà gbọ́ kò ní gbin nǹkan kan. Á di ẹrù sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ojú títì. Nígbà tí ọdún méjì bá pé, yálà kó bú Ọlọ́run tàbí kó bú ara rẹ̀. Ẹni tó gba lẹ́tà gbọ́ ló máa ro ebè lórí ilẹ̀ tí kò wù ú láti gbé.

Ìyá Fẹ́yìí, èrò tèmi ni pé ibi tí wọ́n ti ṣe yín léṣe nìyẹn. Wọ́n fi ọjọ́ sí ohun tí Ọlọ́run kò fi ọjọ́ sí, nígbà tí ọjọ́ ń kọjá lọ, wọ́n wá ní ìgbàgbọ́ yín ni kò tó. Ọlọ́run kọ́ ló yẹ àdéhùn. Ẹ̀yin náà kọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà L'Óṣogbo
Bàbá Tíṣà, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n padà sórí oògùn, torí ìjà yẹn dàgbà ju gbogbo wa lọ. Ìdílé aládùúrà ni wọ́n ti tọ́ mi. Nígbà ìsọjí Òkè-Ooye ní Iléṣà lọ́dún 1930, ọ̀pọ̀ àwọn aṣáájú kì í lo oògùn rárá, ti ìbílẹ̀ ni o, ti òyìnbó ni o. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Àpọ́sítélì dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn èèyàn wa rí i pé wọ́n ń lo kunín sí ibà, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, ó sì wà lára ohun tó pín wọn níyà. Onígbàgbọ́ ni apá méjèèjì, ìmọ̀ wọn ni kò ṣọ̀kan. N kò ní bú àwọn bàbá mi. Ṣùgbọ́n Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ajíhìnrere ìsọjí náà, tí gbogbo wa ń ròyìn iṣẹ́ ìyanu rẹ̀, Ẹdẹ tó wà nítòsí wa níbí ló kú sí lọ́dún 1959, ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju 55 lọ. Ta ni yóò dìde sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré?

Bàbá Fẹ́yìí, bí wọ́n bá ń ka ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ wa yìí sí yín létí: Ọlọ́run ti ṣèlérí ọdún 15 sí i fún ọba Hesekáyà tí eéwo fẹ́ pa. Ìlérí ti jáde lẹ́nu Ọlọ́run o! Síbẹ̀ Àìsáyà ní kí wọ́n mú odidi èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, wọ́n fi lé eéwo náà. 2 Àwọn Ọba 20:7. Ọ̀pọ̀tọ́ kò ba ìlérí jẹ́.

Dékúnlé Káfíńtà
Ẹ̀gbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ ni Bàbá Fẹ́yìí jẹ́ fún mi, bí n kò tilẹ̀ mọ̀ wọ́n. Ìyá Fẹ́yìí, ẹ fara balẹ̀ bi wọ́n léèrè bóyá ìgbàgbọ́ ni wọ́n fi fẹ́ dá oògùn dúró lóòótọ́, àbí owó oògùn ni wọ́n ń rò. Ọkùnrin tó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun láti kékeré, tó wá di pé ìyàwó ló ń wẹ̀ ẹ́, kì í fẹ́ kí wọ́n tún ná owó lé òun lórí. Ó lè fi orúkọ Jésù bo ìtìjú mọ́lẹ̀.

Ohun kan tún wà. Ẹ bá mi bi ẹni tó ń ṣe físíò bó bá burú. Mo fẹ́ mú sánpépà àti igi mélòó kan wá, ẹsẹ̀ àpótí ìjókòó ni. Wọ́n á di igi mú pẹ̀lú ọwọ́ òsì, wọ́n á fi ọwọ́ ọ̀tún gbá sánpépà lórí rẹ̀ bó bá ṣe lè gbá a mọ. Èmi ni mo máa ta àpótí náà. Kì í ṣe ìtọrẹ àánú, ọwọ́ wọn yóò rí nǹkan ṣe ni.

Màmá Ayétòrò
Ọmọ mi, Ìyá Fẹ́yìí, o kú ìrọ́jú. Èmi àgbà, kíákíá ni mo máa sọ tèmi.

Ti Alhaja: jẹ́ kí ìyá gbàdúrà fún ọmọ tó bí. Òṣogbo la wà, ilé ta ni kò ti sí Mùsùlùmí? Àbúrò mi ọkùnrin ti lọ sí Mẹ́kà, òun ló gbé mi dé ilé ìwòsàn nígbà tí ojú mi fẹ́ fọ́, àwọn tó ń sọ pé kí n má jẹ́ kó wọlé kò rí ọkọ̀ gbé wá lọ́jọ́ náà. Ìgbàgbọ́ rẹ kò ní yọ̀ nù torí pé ìyá ọkọ rẹ tẹ́ ẹní ìkírun. Kí ẹni tó bá ní kí o lé e jáde kọ́kọ́ wá bá ọ fọ aṣọ.

Ti oorun: nígbà tí Èlíjà sá wọ aginjù tó ní kí Ọlọ́run pa òun, áńgẹ́lì kò bá a wí, kò sì ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Àkàrà tí a dín lórí ẹ̀yinná ló gbé wá fún un, pẹ̀lú omi. Ó jẹ, ó sùn. Áńgẹ́lì tún jí i, ó ní jẹun sí i, torí ọ̀nà jìn fún ọ. Ẹ̀yìn oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ ti wáyé. Nítorí náà, kí o tó gba ààwẹ̀ mìíràn, mo fẹ́ mọ̀: kí lo jẹ lónìí? Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, èmi á wá jókòó ti ọkọ rẹ, ìwọ sì lè yàn bóyá ìsìn lo máa lọ tàbí o máa sùn. Ọlọ́run wà ní méjèèjì.

Bí oorun bá sì dá lóru, ka Sáàmù sókè kí etí rẹ gbọ́ ọ. Ẹyọ kan ṣoṣo ni kí o mú, má ka púpọ̀. Kí o sì fi fóònù sílẹ̀, ojú ẹni kì í rọlẹ̀ níbi tí gbogbo ayé ti ń jẹ́rìí ọkọ̀ tuntun.

Olùdarí Ojúewé
Mo ti yọ ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ ta òróró àkànṣe fún Ìyá Fẹ́yìí kúrò. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni kó tó gbàdúrà fún yín. Ẹ máa bá a lọ.

Ìyá Fẹ́yìí
Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ará. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí Bàbá Fẹ́yìí létí. Dékúnlé, ibi tí o na ìka sí náà ni. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní, "Ṣé èlùbọ́ ló kù tí màá tún jẹ tán ni?" Owó oògùn ni wọ́n ń rò. Wọ́n ti padà lò ó láàárọ̀ yìí, wọ́n sì ní kí ni sánpépà náà ń ṣe tí kò tíì dé.

Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ló kù. Bí Jeremáyà 29 bá jẹ́ ti àwọn ará Bábílónì, kí ló wá jẹ́ tèmi? Ṣé kí n yọ páálí náà?

Bàbá Tíṣà Fẹ̀yìntì
Ẹ má yọ ọ́ o. Ẹ kàn kọ ẹsẹ̀ 5 àti 10 kún un. Ìwà Ọlọ́run tó wà nínú rẹ̀ kò yí padà.

Èyí tó jẹ́ tiyín, láìsí àní-àní: Hébérù 13:5, "Èmi kò jẹ́ fi ọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èmi kò jẹ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀." Àìsáyà 43:2, níbi tó ti ní òun yóò wà pẹ̀lú wa nígbà tí a bá ń la omi kọjá, ẹ kíyè sí i pé kò ní omi kò ní sí. Jòhánù 16:33, níbi tí Jésù ti sọ ọ́ pọ̀ pé a ó ní ìpọ́njú nínú ayé àti pé òun ti ṣẹ́gun ayé. Róòmù 8 láti ẹsẹ̀ 35 dé òpin. Àti àjíǹde, níbi tí kò ti ní sí apá tí kò ṣiṣẹ́.

Pé ọkọ yín yóò dìde rìn kí ọdún yìí tó parí, n kò rí i nínú Bíbélì tèmi. Ẹ máa bẹ Ọlọ́run fún un láìtijú, èmi náà á máa bẹ̀ ẹ́. Nínú Ìṣe 12, idà pa Jákọ́bù, áńgẹ́lì sì tú Pétérù sílẹ̀, ìjọ kan náà ló ni àwọn méjèèjì. Nínú Dáníẹ́lì 3, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta níwájú iná ní Ọlọ́run àwọn lè gbà wọ́n. Wọ́n tún ní, "Ṣùgbọ́n bí bẹ́ẹ̀ kọ́," àwọn kò ní sin òrìṣà ọba. Ajíhìnrere, ṣé ẹ máa sọ pé ahọ́n wọn ló ṣì wọ́n lọ́nà?

Ajíhìnrere Olùṣọ́
Bàbá, ẹ ti ká mi mọ́. N ó lọ tún un kà.

Nọ́ọ̀sì Òru
Ìyá Fẹ́yìí, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ńkọ́? Ṣé ẹ ti wọ̀n ọ́n?

Ìyá Fẹ́yìí
A wọ̀n ọ́n ní kẹ́míìsì lọ́sàn-án yìí. 158 lórí 94.

Nọ́ọ̀sì Òru
Ó ṣì ga. Ẹ má fi kún oògùn fúnra yín o. Ẹ gbé wọn padà lọ bá dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì sọ fún un pé wọ́n ti dá oògùn dúró fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má fi pamọ́ fún un.

Ajíhìnrere Olùṣọ́
Mo ní kẹ̀kẹ́ Márúwá. Lọ́jọ́bọ̀, mo lè dé ọ̀dọ̀ yín ní aago méje ààbọ̀ kí èrò tó pọ̀ ní Ọláìyá. N kò gba owó. Ṣé wọ́n lè gun kẹ̀kẹ́ fúnra wọn àbí kí n mú ọmọkùnrin kan wá tí yóò bá wa gbé wọn?

Ìyá Fẹ́yìí
Ẹ mú un wá, ẹ jọ̀ọ́. Alhaja náà ń bọ̀ o, wọ́n ní àwọn ò ní dúró sílé.

Olùdarí Ojúewé
Ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ síra yín ní kọ̀rọ̀. Ẹ má kọ nọ́ńbà fóònù síta níbí.